Breaking Dawn Apá Kejì: ṣé ìjà ni wọ́n jà ni, àbí wọ́n kàn fi wá ṣeré?

Àjọkẹ́_Òǹwòran:
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Mo tún jókòó ti gbogbo fíìmù Twilight, ìtàn ìfẹ́ ọmọbìnrin kan àti fáńpáyà amùjẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láti èyí àkọ́kọ́ tó jáde ní 2008 títí dé Breaking Dawn Apá Kejì tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2012. Mẹ́rin tó ṣáájú, mo mọ àléébù wọn, mo sì fara mọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò tíì tán nínú mi. Ẹni tí kò bá tíì wò ó, tí kò sì fẹ́ mọ ibi tó parí sí, kó má kà á síwájú mọ́ o.

Ẹ jẹ́ n rán àwọn tó ti gbàgbé létí. Bella, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí, ti di fáńpáyà bíi Edward ọkọ rẹ̀. Ìgbà tó ṣì jẹ́ èèyàn ló lóyún Renesmee fún Edward, ọmọ náà sì ń yára dàgbà kọjá bó ṣe yẹ. Irina, fáńpáyà kan tó mọ ìdílé wọn, rí i lókèèrè níbi tó ti ń fò sókè mú yìnyín, ó rò pé ọmọdé tí wọ́n bù jẹ tí wọ́n sọ di fáńpáyà ni, èèwọ̀ ńlá sì nìyẹn láàrin wọn. Ó kọrí sí Volterra ní Ítálì, ó lọ fẹjọ́ sun àwọn Volturi, àwọn fáńpáyà tó ń ṣòfin fún ìyókù. Ni Aro, olórí wọn, bá kó ọmọ ogun rẹ̀ jọ, wọ́n ń bọ̀ wá pa ìdílé Cullen, ilé Edward, run. Àwọn Cullen náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlẹ́rìí káàkiri ayé, àwọn tó máa jẹ́rìí pé bíbí ni wọ́n bí ọmọ náà.

Ọjọ́ pé. Wọ́n pàdé lórí yìnyín. Alice, ọmọ ilé Cullen tó máa ń rí ọjọ́ iwájú, fún Aro lọ́wọ́ kó rí ohun tí òun rí, Aro ò yí ọkàn padà. Kíá, orí Carlisle, bàbá ilé Cullen, ti kúrò lọ́rùn, Aro gbé e dání. Ìjà bẹ́ sílẹ̀. Jasper, ọkọ Alice, lọ. Seth, ọ̀kan lára àwọn èèyàn tó ń di ìkookò tó wá gbèjà wọn, lọ. Leah, ìkookò bíi tirẹ̀, kó sí ọ̀gbun níbi tó ti ń gba Esme, ìyàwó Carlisle, là. Omi ti wà lójú mi, mo ń sọ fún ara mi pé háà, àwọn èèyàn yìí gbójú o! Bí Bella àti Edward ṣe wá já orí Aro tán, ni àwòrán bá yí padà: Aro dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ọwọ́ Alice ṣì wà nínú ọwọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jà. Ìran lásán ló rí. Volturi palẹ̀ mọ́, wọ́n gba ilé lọ.

Òfúùtùfẹ́ẹ̀tẹ̀, aásà tí kò ní káùn! Ṣé èmi nìkan ni inú ń bí ni?

Òǹkàwé_Òru:
Àjọkẹ́, ẹ fara balẹ̀ ná. Ṣé ẹ ka ìwé rẹ̀? Nínú ìwé tí Stephenie Meyer kọ, tó jáde ní 2008, kò sí ìjà rárá. Kò tilẹ̀ sí ti ìran. Wọ́n dúró, wọ́n rojọ́, Bella fi asà tó wà lọ́kàn rẹ̀ bo àwọn ènìyàn rẹ̀, Alice mú Nahuel, ìlàjì èèyàn ìlàjì fáńpáyà bíi Renesmee, dé láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tó bá gbé ìyẹn sójú sinimá bó ṣe wà, oorun ni yóò kun àwọn èèyàn. Melissa Rosenberg ló kọ eré gbogbo fíìmù márààrún, òun ló bá ìṣòro yẹn yí. Mo rò pé ọgbọ́n ló ta. Ó fún àwọn tó fẹ́ ìjà ní ìjà, kò sì ba ìtàn jẹ́ fún àwa tí a ti kàwé.

Àjọkẹ́_Òǹwòran:
Mo kà á. Ìdí tó fi dùn mí nìyẹn. Níbi tí mo ti mọ̀ pé kò sí ìjà nínú ìwé, nígbà tí orí Carlisle fò, mo gbà pé wọ́n ti pinnu láti ya ọ̀nà tiwọn. Ẹ̀rù bà mí dáadáa, inú mi sì dùn sí ẹ̀rù yẹn. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n wá gbà á padà lọ́wọ́ mi.

Aláwàdà_Ẹgbẹ́:
Ẹ fi ti ìjà sílẹ̀ jàre. Ojú ọmọ yẹn ńkọ́? Ojú Renesmee nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́! Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi yà á, ojú ọmọ ọwọ́ tó ń wo èèyàn bí àgbà tó fẹ́ yá ọ lówó. Mo ní kí n má rẹ́rìn-ín, mi ò lè mú un mọ́ra. Bella gbé e, ó ń wò ó tìfẹ́tìfẹ́, èmi ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tí kò bá ẹnu rẹ̀ rìn.

Bàbá_Sinimá:
Àbúrò Aláwàdà, ẹ̀yin ò tíì rí nǹkan kan. Ọmọláńgidi tó ń fi ẹ̀rọ mira ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún un. Nígbà tí wọ́n gbé e síwájú kámẹ́rà, àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn sọ ọ́ ní Chuckesmee, wọ́n fi í wé Chucky, ọmọláńgidi apààyàn inú fíìmù ìbẹ̀rù yẹn. Wọ́n pa á tì, wọ́n wá lo kọ̀ǹpútà láti mú ìrísí ojú Mackenzie Foy, ọmọbìnrin tó ṣe Renesmee nígbà tó dàgbà díẹ̀, wọ́n fi sójú àwọn ọmọ tó kéré jù ú lọ. Ìdí tí ojú yẹn kì í fi í dúró sójú kan náà nìyẹn. Ohun tí ẹ rí, èyí tó sàn jù níbẹ̀ ni.

Aláwàdà_Ẹgbẹ́:
Èyí tó sàn jù kẹ̀? Bàbá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n rí èkejì rẹ̀ o.

Fẹ́mi_Kò_Gbà:
Ẹ jẹ́ kí n da ọ̀rọ̀ padà sórí ìran Alice, torí èmi mọ ibi tí bàtà ti ń ta mí lẹ́sẹ̀. Nínú ìwé, wọ́n sọ ọ́ ní kedere pé Alice kò lè rí àwọn ìkookò. Bí ìkookò bá ti wọ inú ọ̀rọ̀ kan báyìí, ojú rẹ̀ á ṣú. Kò lè rí Renesmee náà, torí ìlàjì ni ọmọ yẹn, kì í ṣe èèyàn délẹ̀, kì í sì í ṣe fáńpáyà délẹ̀. Ìdí tí oyún yẹn fi ń fọ́ Alice lórí nìyẹn.

Ẹ wá padà wo ohun tí wọ́n ní ó rí. Seth kú níbẹ̀. Leah kú níbẹ̀. Jacob, ìkookò tó ń ṣọ́ ọmọ náà, gbé Renesmee sẹ́yìn, ó ń sá lọ nínú igbó. Sam, olórí àwọn ìkookò, ló pa Jane, ọmọbìnrin Volturi tó ń fi ojú lásán dá èèyàn lóró! Báwo ni ẹni tí kò lè rí ìkookò ṣe rí gbogbo wọn, tí ìran náà sì mọ́ gaara bí ọ̀sán? Òfin tí wọ́n fúnra wọn ṣe ni wọ́n tẹ̀ lójú.

Òǹkàwé_Òru:
Fẹ́mi, ìyẹn wọlé o. Mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n gbọ́ ná: ohun tó kan Aro ni ikú tirẹ̀. Bella àti Edward ló pa á, fáńpáyà sì ni àwọn méjèèjì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibi tí orí rẹ̀ ti já nìkan ni Alice fi hàn án, kí ìyókù jẹ́ ti àwa òǹwòran.

Fẹ́mi_Kò_Gbà:
Ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ̀ ń bá wọn ronú, wọn ò rò ó fúnra wọn. Fíìmù tó bá fẹ́ kí n gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kó sọ ọ́. Gbólóhùn kan péré lẹ́nu Alice ì bá tó.

Àdùnní_Ìkookò:
Èmi ò mọ ìwé, fíìmù nìkan ni mo mọ̀. Ibi ìjà yẹn ni ibi tó dùn jù nínú gbogbo márààrún, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Inú sinimá tí mo ti wò ó, àwọn èèyàn dìde dúró. Nígbà tí orí Carlisle fò, ẹnì kan pariwo "irọ́ ni!" Nígbà tó sì hàn pé ìran ni, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń wò ó nílé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ẹ ti mọ ibi tó ń lọ, ìyẹn ló jẹ́ kó korò lẹ́nu yín.

Àjọkẹ́_Òǹwòran:
Àdùnní mi, inú sinimá ni mo ti kọ́kọ́ wò ó èmi náà. Ẹ̀rín yẹn, mo rántí rẹ̀. Ẹ̀rín ẹni tí wọ́n dẹ́rù bà tán tí wọ́n wá sọ fún pé àwàdà ni. Kò burú. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí òpin fíìmù márùn-ún ju àwàdà lọ.

Bàbá_Sinimá:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ná. Ìwé kan ṣoṣo ni Breaking Dawn. Wọ́n là á sí méjì, Apá Kìíní jáde ní oṣù kọkànlá 2011, Apá Kejì tẹ̀ lé e lọ́dún kejì. Harry Potter ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú, ní 2010 àti 2011, owó sì wọlé gìrìgìrì. Lẹ́yìn Twilight, The Hunger Games náà la ìwé tirẹ̀ tó kẹ́yìn sí méjì. Divergent gbìyànjú rẹ̀, ó là á, apá kejì kò jáde títí dòní.

Nígbà tí ẹ bá la ìwé Meyer sí méjì, ìgbéyàwó, oyún àti ìbímọ bọ́ sí apá kìíní. Kí ló ṣẹ́ kù fún apá kejì? Ìdúró de àlejò. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹnìkan kanlẹ̀kùn ilé Cullen nínú fíìmù yẹn: àwọn Denali, ìdílé Irina, dé, àwọn ará Íjíbítì dé, àwọn ará Ireland dé, àwọn obìnrin Amazon dé, àwọn Romania méjì tí wọ́n ń bínú láti ayébáyé dé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ orúkọ, ó ń sọ ohun tó lè ṣe, ó jókòó. Ìdajì fíìmù ni ìkíni káàbọ̀.

Owó ò sì bá wọn jà. Fíìmù àkọ́kọ́, owó tó ná wọn kò ju mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógójì dọ́là lọ, Catherine Hardwicke ló darí rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn pa ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rin mílíọ̀nù dọ́là káàkiri àgbáyé. Ta ni yóò sọ fún ẹni tó rí irú owó yẹn pé kó má là á?

Aláwàdà_Ẹgbẹ́:
Benjamin ará Íjíbítì yẹn, tó ń fi ọwọ́ darí omi àti iná, ẹ mọ ẹni tó ṣe é? Rami Malek ni o! Ẹni tó gba Oscar ní 2019. Wọ́n ní kó jókòó sídìí iná kó máa ṣeré pẹ̀lú omi.

Àdùnní_Ìkookò:
Ó la ilẹ̀ o! Nínú ìjà.

Aláwàdà_Ẹgbẹ́:
Ìjà tí kò ṣẹlẹ̀.

Òǹkàwé_Òru:
Bàbá, mo gbà pé lílà ìwé yẹn sí méjì pa á lára. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù yìí dùn. Ibi tí Bella ti kọ́kọ́ lajú gẹ́gẹ́ bíi fáńpáyà, tó ń rí eruku àti okùn aṣọ bí ẹni ń fi ẹ̀rọ wo nǹkan. Ibi tó ti lọ ṣọdẹ, tí èèyàn ń gun òkè kó òórùn ẹ̀jẹ̀ bá a, tó sá kúrò níbẹ̀, tó lọ gbá ológbò òkè mú. Ibi tó ti bá Emmett, arákùnrin Edward, fi ọwọ́ jà lórí òkúta tó sì dá a. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 2008, Kristen Stewart tó ṣe Bella ń gbádùn ara rẹ̀ lójú kámẹ́rà. Ọmọbìnrin tó ti ń kọsẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń gbé pọ̀n láti ìtàn kìíní, òun ló wá lágbára jù nínú ilé. Mo fẹ́ wo fíìmù yẹn sí i. Wọ́n gé e kúrò lójijì, àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé.

Fẹ́mi_Kò_Gbà:
Òótọ́ ọ̀rọ̀. Asà Bella náà ńkọ́? Ẹ rántí bí Kate ará Denali ṣe ń fi iná ọwọ́ gún Edward kí Bella lè kọ́ bó ṣe máa nà án dé ara ẹlòmíràn. Edward ń ṣubú, Bella ń fún eyín pọ̀, asà ń nà díẹ̀díẹ̀. Ó dára. Gbogbo ẹ̀kọ́ yẹn, kí ló já sí? Ó bo àwọn èèyàn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, Jane wò ó, kò lè ṣe nǹkan kan, Bella rẹ́rìn-ín. Ó tán síbẹ̀.

Òǹkàwé_Òru:
Kò tán síbẹ̀! Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ẹ rántí inú pápá òdòdó lópin fíìmù. Láti fíìmù kìíní ni Edward ti ń gbọ́ ọkàn gbogbo èèyàn àyàfi ti Bella. Bella wá ti asà yẹn kúrò lórí ara rẹ̀, ó jẹ́ kó rí gbogbo ohun tó ti rò nípa rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti pàdé ní ìlú Forks. Àwòrán inú fíìmù mẹ́rin ń kọjá, orin Carter Burwell ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Agbára tó kọ́ nítorí ogun, ìfẹ́ ló lò ó fún. Bí ẹ bá ń wá òpin tó tó fíìmù márùn-ún, òun rèé.

Àjọkẹ́_Òǹwòran:
Mo gbà fún yín pátápátá níbẹ̀ yẹn. Mo sunkún. Ìyẹn gan-an ló tún mú ọ̀rọ̀ mi le sí i: òpin gidi wà lọ́wọ́ wọn, kò nílò orí kankan tó fò. Kí wá ni wọ́n ń fi ìran yẹn ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo bá a dé. Ohun méjì ló lé Aro lọ nínú fíìmù yìí. Ó rí ikú ara rẹ̀ lọ́wọ́ Alice, ẹ̀rù bà á. Kò pẹ́ sí i, Nahuel jáde látinú igbó, ó ní òun náà jẹ́ ìlàjì bíi Renesmee, ó ti pé àádọ́jọ ọdún láyé, ọdún méje ló fi dàgbà, kò sì yí padà mọ́ láti ìgbà náà. Ẹ̀rí nìyẹn. Bó bá jẹ́ ẹ̀rù ló lé Aro, kí ni Nahuel wá ṣe? Bó bá jẹ́ ẹ̀rí ló yí i lọ́kàn padà, kí la fi ìran náà ṣe? Wọ́n fi méjèèjì síbẹ̀, ìkíní sì gba iṣẹ́ ìkejì lọ́wọ́ rẹ̀. Nahuel tó yẹ kó jẹ́ kókó, tí Alice àti Jasper fi ilé sílẹ̀ lọ wá jìnnà réré, gbólóhùn bíi mélòó kan ló sọ, a ti ń wo bàtà Aro tó ń lọ.

Bàbá_Sinimá:
Ìyá mi, ẹ ti fọ̀rọ̀ náà síbi tó yẹ. Bill Condon tó darí rẹ̀ kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́ yìí. Ó ti gba Oscar fún eré kíkọ fún Gods and Monsters, òun ló ṣe Dreamgirls. Ó mọ̀ pé ẹjọ́ lásán kò lè mú sinimá kún. Ṣùgbọ́n Meyer wà lára àwọn tó gbé fíìmù náà jáde, ẹnikẹ́ni ò sì ní yí òpin ìwé rẹ̀ padà lójú rẹ̀. Wọ́n wá sinmi lé àárín: kí ó ṣẹlẹ̀, kí ó má sì ṣẹlẹ̀.

Àdùnní_Ìkookò:
Ẹ̀yin àgbà, mo ń gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ni kí wọ́n ṣe? Kí wọ́n pa Carlisle lóòótọ́? Àwọn olólùfẹ́ ìwé ì bá dáná sun sinimá.

Fẹ́mi_Kò_Gbà:
Kí wọ́n fi ìran náà sílẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó kúrú. Kí Aro rí i, kí àwa má rí i. Kí kámẹ́rà dúró lójú Michael Sheen tó ṣe Aro. Ọkùnrin yẹn lè ṣe é! Ẹni tó gbọ́ pé ọkàn Renesmee ń lù kìkì, tó sì bú sí irú ẹ̀rín àràmàǹdà yẹn, ṣé kò ní lè fi ojú nìkan sọ fún wa pé òun rí òkú ara òun?

Aláwàdà_Ẹgbẹ́:
Ẹ̀rín yẹn! Mo máa ń dá a padà tẹ́tí mi á fi kún. Bí adìẹ tó rí owó he.

Òǹkàwé_Òru:
Àbá Fẹ́mi dára, mo tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ju ohun tí wọ́n ṣe lọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń fi irú owó yẹn ṣe fíìmù tí yóò wá fi ojú ọkùnrin kan parí rẹ̀.

Bàbá_Sinimá:
Ẹ tún rántí pé ẹ̀yẹ Razzie, tí wọ́n máa ń fi dá fíìmù tó burú jù lọ́lá lọ́nà ẹ̀fẹ̀, fíìmù yìí gba méje níbẹ̀ ní oṣù kejì 2013, nínú mọ́kànlá tí wọ́n yàn án fún. Fíìmù tó burú jù, olùdarí tó burú jù, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣejù wà nínú tiwọn. Tọkọtaya tó burú jù tí wọ́n fún Taylor Lautner tó ṣe Jacob àti ọmọdébìnrin yẹn kò dùn mọ́ mi nínú, ọmọ ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ pé kí Jacob, géńdé ọkùnrin, fi ọkàn mọ́ ọmọ ọwọ́ títí ayé ni kí wọ́n lọ bá.

Àdùnní_Ìkookò:
Háà, ìyẹn náà. Èmi fẹ́ràn Jacob, ṣùgbọ́n níbi tó ti ń pe Renesmee ní Nessie, orúkọ ẹranko abàmì inú adágún Loch Ness, tí Bella kọ lù ú, ọwọ́ Bella ni mo wà.

Àjọkẹ́_Òǹwòran:
Ẹ ṣé gbogbo yín. Ohun kan ló kù. Gbogbo wa ń sọ pé kò sẹ́ni tó kú, irọ́ ni. Irina kú. Kí Alice tó dé rárá, Irina rí Renesmee lójúkojú, ó rí i pé ọmọ náà ti dàgbà sí i, ó jẹ́wọ́ pé òun ṣi ọmọ náà mú, ó ní kí ẹ̀bi wà lórí òun nìkan. Wọ́n já a sí wẹ́wẹ́, wọ́n dáná sun ún níwájú Kate àti Tanya, arábìnrin rẹ̀. Àwọn tiwọn ló dì wọ́n mú kí wọ́n má baà sáré lọ gbẹ̀san. Kì í ṣe ìran. Kò sí ohun tó dá a padà.

Òǹkàwé_Òru:
Ẹ ò jẹ́ kí n sùn lónìí. Òótọ́ ni o.

Fẹ́mi_Kò_Gbà:
Nígbà tí Volturi lọ, tí gbogbo wọn ń dì mọ́ra, ta ló dárúkọ rẹ̀?

Àjọkẹ́_Òǹwòran:
Ẹnì kankan ò dárúkọ rẹ̀. Mo tún dá a padà láti wò ó.